Ìlà Pupa Ọ̀gá Kò-Séwu

"Odò yìí kò ní fọwọ́ kan ìlà pupa lọ́dún yìí. Mo ti pàṣẹ."

Ọ̀gá Àgbà Iléeṣẹ́ Odò ló sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé tábìlì bí ẹni pé abẹ́ tábìlì ni odò ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Èèyàn méjìdínlógún ló wà nínú yàrá yẹn, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Àwọn mẹ́rìndínlógún pàtẹ́wọ́. Ẹnjiníà kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, ó sì fa igi sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni kan tó kù ni Ìyá Òǹkà-Omi, obìnrin tó ti ń ka òpó odò láti ọdún mọ́kànlélógún. Òun ń ha ẹrẹ̀ lára bàtà rẹ̀ ni.

Kò-Séwu ni ìlú ń pe ọ̀gá yìí lẹ́yìn, nítorí èsì kan ṣoṣo tó ní fún gbogbo ìbéèrè nìyẹn. Ògiri wó, kò séwu. Afárá mì, kò séwu. Nígbà tí òrùlé ọ́fíìsì ń jò sórí fáìlì tòun fúnra rẹ̀, ó sún fáìlì sẹ́yìn díẹ̀, ó ní kò séwu, òjò ń bọ́ sílẹ̀ dáadáa báyìí. Tó bá ń wọ yàrá, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, òun á tẹ̀ lé ikùn, Akọ̀wé á gbé báàgì tẹ̀ lé àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìlà yẹn, torí orí rẹ̀ ni gbogbo nǹkan dá lé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, wọ́n ri òpó funfun kan mọ́ inú odò, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí i lára, ẹsẹ̀ bàtà kan lẹ́yìn òmíràn. Níbi kẹsàn-án ni wọ́n fa ìlà pupa sí. Láràárọ̀ ni Ìyá Òǹkà-Omi ń lọ wo ibi tí omi dé, tó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Òfin rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: bí omi bá kan pupa, kí Bàbá Onífèrè yí apá fèrè ńlá ìkìlọ̀, kí lọ́rí iléeṣẹ́ sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Àdúgbò Ìsàlẹ̀, kí wọ́n kó ẹrù àwọn ará ibẹ̀ gun òkè. Àwọn tó ri òpó náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Omi tó bá dé ẹsẹ̀ kẹsàn-án lónìí ní afárá, bó bá di ọ̀la, inú yàrá àwọn ará Ìsàlẹ̀ ló máa ti jí.

Tẹ́lẹ̀, ọdún márùn-ún lè kọjá kí odò tó kan pupa. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọdún mẹ́ta yìí, ọdọọdún ni. Kí ló dé? Ẹ̀yìn ọ́fíìsì Kò-Séwu ni ẹ lọ wò. Àbàtà ńlá kan wà níbẹ̀ rí, tí koríko gíga bò, tí ọ̀pọ̀lọ́ ń ké nínú rẹ̀. Bí odò bá kún, á yà síbẹ̀ bí àlejò tó rẹ̀, á sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, á sì rọra máa lọ. Lọ́sẹ̀ tí Kò-Séwu gorí oyè, ó bèèrè iṣẹ́ tí àbàtà náà ń ṣe. Wọ́n ní omi ló ń mu. Ó ní òun ò lè máa wo òṣìṣẹ́ tó kàn ń mumi lórí ilẹ̀ ìjọba. Ó pe típà, wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ dí i pa, ó sì di ìgbọ́kọ̀sí ogójì ọkọ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta ni iléeṣẹ́ ní, ọ̀kan nínú wọn ò sì ní táyà. Ìyá Òǹkà-Omi kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mẹta pé odò ò ríbi sinmi mọ́, pé ó ń gbé gbogbo ara rẹ̀ bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ mọ èsì tí wọ́n fún un.

Ohun tó wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gbóná ni pé ipò Olùdarí Gbogbo Odò ṣófo ní olú-iléeṣẹ́. Lẹ́tà tó dé sọ pé ọ̀gá tí odò rẹ̀ kò bá dààmú ẹnikẹ́ni lọ́dún yìí ni wọ́n máa fi síbẹ̀, pé àwọn aṣàyẹ̀wò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Láti ọjọ́ náà ni Kò-Séwu ti ń jókòó bí Olùdarí, tó ń wúkọ́ bí Olùdarí.

Ó bi Ẹnjiníà léèrè níbi ìpàdé ọjọ́ Ajé yẹn pé kí ló ń mú odò kan pupa lọ́dọọdún. Ẹnjiníà la ẹnu, ó ti sọ "àbà" tán kó tó wo ojú ọ̀gá. Ó gbé èyí tó kù mì, ó ní àbá ọ̀gá làwọn ń retí.

Kò-Séwu dìde. Ó ní òun ti rò ó lọ, òun ti rò ó bọ̀, òun sì ti rí ẹni tó jẹ̀bi. Ìlà ni. Ó ní wọ́n fa ìlà náà sísàlẹ̀ jù, kò sì sí odò tó níyì tí kò ní kàn án. Kí wọ́n gbé e lọ sí ẹsẹ̀ kejìlá.

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní láti ọjọ́ tí ìyá òun ti bí òun, òun ò gbọ́ irú ọgbọ́n yìí rí, pé ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá ti tètè wáyé kí òun lè tètè máa gbọ́ ọ.

Ìyá Òǹkà-Omi gbé orí sókè kúrò nídìí bàtà rẹ̀. "Ọ̀gá, a ó gbé ìlà sókè. Ta la máa rán sí odò?"

Kò-Séwu dá a lóhùn pé abẹ́ iléeṣẹ́ òun ni odò wà, òṣìṣẹ́ bíi tiyín ni. Bí kò bá ka ìwé àṣẹ, ẹ̀bi ara rẹ̀ ni.

Ogún ìṣẹ́jú ni akunlé fi kun ìlà tuntun. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi ṣí i. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ta ìbòrí sórí afárá, wọ́n dí ọ̀nà pa, wọ́n sì so ríbọ́nnì mọ́ òpó náà lọ́rùn bí ẹni pé ó fẹ́ lọ gba ẹ̀bùn. Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ, èyí tó kù gùn ju odò lọ:

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tí ẹ bí mi àti ẹ̀yin tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bí. Àwọn tó ṣíwájú mi fi ṣọ́bìrì bá odò jà. Wọ́n fi símẹ́ńtì bá a jà. Èmi fi búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ṣẹ́gun. Láti òní lọ, omi tó bá fẹ́ di àkúnya gbọ́dọ̀ gòkè dé ẹsẹ̀ kejìlá, kó sì dúró síbẹ̀ títí a ó fi fọwọ́ sí i."

Nígbà tó kan ká gé ríbọ́nnì, àlùmọ́gàjí kò mú. Ọ̀gá gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta. Akọ̀wé ló bẹ̀rẹ̀, tó fi eyín gé e, gbogbo èèyàn sì pàtẹ́wọ́ fún ọ̀gá.

Ẹni kan wà láàárín èrò tí kò pàtẹ́wọ́, torí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣófo. Ẹ̀gbọ́n Kò-Séwu ni, aránṣọ ni, ó sì ń fọwọ́ gbá etí aṣọ kan bó ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ. Àdúgbò Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ilé kẹta sétí odò, ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Igba aṣọ ilé-ìwé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò yìí. Àwọn ọmọ máa wọlé ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ mìíràn, ọ̀gá ilé-ìwé sì ti sọ pé bí aṣọ ò bá pé lọ́jọ́ náà, ẹlòmíì lòun máa gbé iṣẹ́ fún títí láé. Igba aṣọ yìí ni oúnjẹ rẹ̀ àti ti obìnrin mẹ́rin tó ń bá a ṣiṣẹ́. Òun ló fi ẹ̀yìn pọn Kò-Séwu nígbà tí ìyá wọn ń lọ síbi iṣẹ́. Nínú gbogbo ìlú, òun nìkan ni kò pè é ní ọ̀gá rí.

Ó wọ ọ́fíìsì lọ bá a nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní òun rí ojú ọ̀run, kò dáa, ìgbà wo ni lọ́rí máa wá? Kò-Séwu ní ìgbà tí omi bá kan pupa ni. Ẹ̀gbọ́n bi í pé pupa wo. Ó ní pupa òfin. Ẹ̀gbọ́n wò ó títí, ó wá sọ fún un pé bó ti ń lọ yìí, òun yóò kó àwọn ẹ̀rọ òun àti aṣọ gun òkè lọ́la.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọgbọ́n kejì ta sí Kò-Séwu lọ́kàn. Ẹ dákun, ọgbọ́n àkọ́kọ́ ò tíì tutù o. Ó ní òun ò ní gba àwọn aṣàyẹ̀wò lálejò ní ọ́fíìsì mọ́. Àdúgbò Ìsàlẹ̀ lòun ti máa gbà wọ́n, nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n òun, kí wọ́n rí ilẹ̀ gbígbẹ, kí wọ́n gbọ́ bí ẹ̀rọ mẹ́fà ṣe ń ró gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ létí odò tí kò dààmú ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ̀rọ kankan ò gbọdọ̀ kúrò.

Ẹ̀gbọ́n kọ̀. Kò-Séwu ti ilẹ̀kùn. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kò sí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan tó gbọ́ ọ rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́bọ̀ nìkan. Ẹ má jẹ́ n tẹ́ lójú wọn."

Ọkàn ẹ̀gbọ́n rọ̀, bí ọkàn ẹni tó pọn èèyàn rí ṣe máa ń rọ̀. Ó ní ó dáa, àwọn ẹ̀rọ á dúró títí di Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n àwọn aṣọ ń lọ. Kò-Séwu ní aṣọ lè máa lọ, aṣọ kì í dún.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Kò bínú, kò sán àrá, ó kàn jókòó ti ìlú ni, bí àna tó wá kí ni tí kò dágbére. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Lọ́jọ́rú, mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ibi tí ìlà àtijọ́ wà ti wọ inú omi. Bàbá Onífèrè di apá fèrè mú, ó wo òpó, ó wo ìwé àṣẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì jókòó padà. Ìwé ní kejìlá.

Ìyá Òǹkà-Omi kò ní àṣẹ láti yí fèrè. Ṣùgbọ́n kò síwèé kankan tó ní kí èèyàn má kí aládùúgbò. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì ń kí wọn láti ojúlé dé ojúlé ní Ìsàlẹ̀: "Ẹ kú òjò o. Mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni." Ẹnikẹ́ni ò bi í pé kí ló túmọ̀ sí. Kó tó di ọ̀sán, ọmọlanke àti báárò ti to lọ lójú ọ̀nà òkè, ibùsùn wà lórí àwọn kan, adìẹ ń wò láti inú agbọ̀n àwọn mìíràn. Kápẹ́ńtà gbé pákó rẹ̀, olùkọ́ gbé ìwé rẹ̀, bàbá arúgbó kan gbé ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ní omi ọdún tó kọjá ló gbé ti tẹ́lẹ̀ lọ. Igba aṣọ gun òkè pẹ̀lú wọn, ọgọ́jọ tó ti parí, ogójì tí kò tíì ní bọ́tìnnì.

Nígbà tí Kò-Séwu dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú kápẹ́ẹ̀tì kan àti àga onítìmùtìmù méjìlá, ó bá àdúgbò tó mọ́ féfé, tí kò sí ohun kan nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó sọ fún Akọ̀wé pé ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe tún ibí ṣe nítorí mi.

Aṣàyẹ̀wò mẹ́ta ló wá. Olórí wọn jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ ìgò ojú, tí kì í sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, irú ẹni tó máa ń ba àwọn ọ̀gá nínú jẹ́. Wọ́n jókòó. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló wà nídìí ẹ̀rọ, ó ń tẹ ọ̀kan lófìfo. Kò-Séwu bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Omi kò kanlẹ̀kùn. Ó gba abẹ́ rẹ̀ wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó rin kápẹ́ẹ̀tì, ó sì ń gòkè. Àwọn àlejò gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀. Kò-Séwu dé ibi tó ti ń sọ nípa búrọ́ọ̀ṣì. Omi dé kókósẹ̀. Ẹnjiníà ká ṣòkòtò láìdá ìwé kíkọ dúró. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Wọn ò sọ pé á tutù dé ojúgun. Nígbà tí omi mú ojúgun, ọ̀gá rí i pé ó yẹ kí òun sọ nǹkan sí i.

"Ẹ̀yin àlejò wa pàtàkì, mo rí i pé ẹ ń wolẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé ohun tó wà lẹ́sẹ̀ yín yìí, lójú òfin, kì í ṣe àkúnya. Odò ò tíì kan pupa. Ọ̀rinrin ni."

"Ọ̀rinrin pọ́ńbélé ni, sà," ni Akọ̀wé wí láti orí àga tó dúró lé.

Ọ̀rinrin náà gbé báàgì Akọ̀wé, ó sì gbé e jáde lójú fèrèsé.

Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ ojú omi apẹja kan yọ lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Òǹkà-Omi sì wà nínú rẹ̀, ó fi ọ̀rá wé ìwé ńlá sí abíyá. Ó ní òun rí i pé wọ́n ṣì wà níbí, ló jẹ́ kí òun wá. Olórí aṣàyẹ̀wò bi í pé níbo ni omi dé lórí òpó.

"Mọ́kànlá, mà. Ó ku ẹsẹ̀ kan kó tó kan ìlà Ọ̀gá."

Obìnrin náà wo omi tó ń yí orúnkún rẹ̀ ká. "Ṣé ìlà mìíràn wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ní kẹsàn-án, mà. Ó ti wọ omi láti àná. Mo kọ ọ́ síwèé."

Ó bèèrè pé ta ló ní kí wọ́n gbé e sókè. Ẹnjiníà tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni Akọ̀wé ti ń fi orúkọ ẹnì kan ṣoṣo dáhùn gbogbo ìbéèrè, ẹnu rẹ̀ ò sì mọ ọ̀nà mìíràn mọ́.

"Ọ̀gá ni, mà," ló wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ọgbọ́n orí wọn ni."

Èèyàn mẹ́fà ni ọkọ̀ apẹja náà lè gbé lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fi àwọn àlejò mẹ́ta sínú rẹ̀, Ẹnjiníà wọ̀ ọ́, Akọ̀wé ti wọ̀ ọ́ kí wọ́n tó pè é, apẹja wo Kò-Séwu láti òkè délẹ̀, ó ní òun á padà wá gbé ọ̀gá, ikùn wọn àti ẹ̀gbọ́n wọn lọ́tọ̀. Bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè, wọ́n rí ẹ̀yìn ọ́fíìsì kedere. Odò ti gba orí ìgbọ́kọ̀sí kọjá tààrà, ó ń kó yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ bọ̀ sí Ìsàlẹ̀. Olórí aṣàyẹ̀wò bèèrè ohun tó wà níbẹ̀ rí. Ìyá Òǹkà-Omi tú ọ̀rá, ó sì fa ẹ̀dà lẹ́tà mẹ́ta yọ nínú ìwé ńlá.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí tábìlì ìgéṣọ, wọ́n ń dúró de ọkọ̀. Wọ́n ń wo omi bó ṣe bo ibi ìtẹ̀sẹ̀ àwọn ẹ̀rọ, bó ṣe bo àgbá wọn, tó wá ku orí mẹ́fà tó yọ síta.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n máa bàjẹ́?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn tí Kò-Séwu bèèrè láti ọdún mẹ́ta láìkọ́kọ́ ní èsì rẹ̀ lọ́wọ́.

"Irin ni wọ́n, àbúrò. Irin kì í ka ìwé àṣẹ."

Omi fà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Èèyàn kankan ò kú, adìẹ kankan ò kú, bàbá arúgbó gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ padà, ó sì ń fi han gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ọjọ́ yẹn kan náà ni lẹ́tà dé. Ìlà á padà sí kẹsàn-án. Wọ́n á hú yẹ̀pẹ̀ kúrò lórí àbàtà. Ipò Olùdarí bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá odò kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Kò-Séwu ní tirẹ̀, kó lọ rọ́kún nílé, wọn ò sì kọ ọjọ́ tó máa padà. Ìyá Òǹkà-Omi ni kó máa mójú tó iléeṣẹ́ ná. Akọ̀wé ti dúró dè é lẹ́nu géètì kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ní láti ọjọ́ tí ìyá òun ti bí òun, òun ò rí bàtà tó dà bíi ti màmá rí. Ìyá Òǹkà-Omi fún un ní ṣọ́bìrì, ó sì nawọ́ sí ìgbọ́kọ̀sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà ní títú palẹ̀ nínú oòrùn lórí òkè, epo ń ro lára wọn, kò sí èyí tó yí. Ogójì aṣọ kò tíì ní bọ́tìnnì, márùn-ún márùn-ún lára aṣọ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ì bá ṣe kí wọ́n tó jẹun òwúrọ̀. Ilé-ìwé ń wọlé lọ́la. Ẹ̀gbọ́n àti àwọn obìnrin mẹ́rin jókòó yí aṣọ ká, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ wọn.

Kò-Séwu gun òkè wá láìwọ kóòtù. Ó dúró díẹ̀, ó fa àpótí kan, ó sì jókòó. Ẹ̀gbọ́n ju aṣọ mẹ́jọ sí i lẹ́sẹ̀, ó fún un ní abẹ́rẹ́ kan.

Abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin kí bọ́tìnnì àkọ́kọ́ tó dúró. Ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n fi ìka méjì fà á, bọ́tìnnì já tòun tòwú. Ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ àbúrò rẹ̀ padà, ó sún aṣọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì yíjú sí tirẹ̀.

Kò-Séwu tọ́ òwú lá, ó dijú kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú abẹ́rẹ́.